Kí lẹ rà bọ̀? Bí a ṣe ń rí ohun ìrántí olówó pọ́ọ́kú rà ní pápákọ̀ òfurufú

Ẹni tó bá kúrò ní Èkìtì fún ọjọ́ mẹ́ta péré tó padà dé mọ ohun tó ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n á kí i kú àbọ̀, wọ́n á gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á sì fi ọgbọ́n gbé báàgì náà wò bóyá ó wúwo. Àgbà kì í béèrè. Àwọn ọmọdé ló máa ń tú àṣírí: "Kí lẹ rà bọ̀ fún wa?" Bó bá jẹ́ ọ̀nà Ìbàdàn lèèyàn gbà wálé, dòdò Ìkirè ti bá a yanjú ẹ̀. Ẹni tó wọ bàálù ló wà nínú wàhálà, nítorí ohun gbogbo ní pápákọ̀ òfurufú ló wọ́n bí ojú.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ jáde kúrò ní Nàìjíríà, mo ra mágínẹ́ẹ̀tì kan fún ìyá mi, èyí tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ara fíríìjì. Owó rẹ̀ dùn mí dé egungun. Màmá gbà á, wọ́n súre fún mi, wọ́n yí i síhìn-ín, wọ́n yí i sọ́hùn-ún, wọ́n wá ní, "Ọmọ mi, kí la ń fi èyí ṣe?" Mo ní ara fíríìjì là ń lẹ̀ ẹ́ mọ́. Fíríìjì Màmá ti kú láti ọdún méjì ṣáájú, aṣọ àdìrẹ ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ìkòkò irin nílé ìdáná. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tá a bá a nínú eérú.

Ṣùgbọ́n nínú báàgì kan náà ni agolo tíì kékeré kan wà, èyí tí mo fi owó ẹyọ tó ṣẹ́ kù sí mi lápò rà ní ṣọ́ọ̀bù tí àwọn òṣìṣẹ́ pápákọ̀ ti ń ra oúnjẹ ọ̀sán. Tíì inú rẹ̀ ti tán tipẹ́. Agolo náà ni Màmá fi ń kó abẹ́rẹ́ àti òwú sí títí di òní, kò sì sí àlejò tó wọ yàrá wọn tí wọn kì í fi hàn. Láti ìgbà náà ni mo ti mọ ibi tó yẹ kí n máa wò.

Kí ẹ tó kúrò nílé

Ẹ kọ orúkọ sílẹ̀, kí ẹ sì pín in sí méjì. Àwọn àkọ́kọ́ ni àwọn tí nǹkan gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ wọn ní dandan: ìyá, ìyàwó tàbí ọkọ, ọmọ, ẹni tó bá yín ṣọ́ ilé. Wọn kì í ju mẹ́fà lọ. Àwọn kejì ni àwọn tí ẹ máa ha nǹkan fún: ará ibi iṣẹ́, ọmọ àdúgbò, àwọn ẹgbẹ́ akọrin. Páálí kan tó ní ẹyọ púpọ̀ nínú, tí wọ́n dì lọ́kọ̀ọ̀kan, ló tọ́ sí wọn. Ẹni tó bá ń ra nǹkan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ìsọ̀rí kejì yìí máa jẹ gbèsè.

Ní ti iye owó, òfin tèmi kò le: ẹ̀bùn ẹnì kan kò gbọdọ̀ ju iye tí wọ́n ń ta ife tíì kan ní pápákọ̀ náà lọ. Ife tíì wọ́n níbẹ̀, nítorí náà òfin náà kò há tó bí ó ṣe dún.

Ẹ kọ iye náírà tó wà nínú owó ilẹ̀ òkèèrè kan ṣoṣo sínú fóònù yín kí ẹ tó gbéra, nítorí iná ibẹ̀ máa ń tan ojú, èèyàn á sì gbàgbé ìṣirò. Tí ẹ bá fẹ́ fi káàdì sanwó, tí ẹ̀rọ wá béèrè bóyá náírà ni kí òun yọ tàbí owó ìlú náà, owó ìlú náà ni kí ẹ mú. Tí ẹ bá ní náírà, ẹni tó ni ẹ̀rọ ló máa fúnra rẹ̀ dá iye pàṣípààrọ̀ lé yín lórí, kì í sì í ṣojúure sí yín.

Ẹ ká àpò aṣọ kan sínú báàgì ọwọ́ yín. Ọ̀rá tiwa yìí kò gba ibi gbogbo. Rwanda ti fòfin de ọ̀rá láti 2008, Kenya náà tẹ̀ lé e lọ́dún 2017. Ẹni tó bá kó ẹrù sínú ọ̀rá dúdú dé Kigali lè fi í sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Aago ṣáájú ọjà

Ẹ kọ́kọ́ lọ wo géètì yín. Ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín rìn débẹ̀, ẹ wo iye ìṣẹ́jú tó gbà yín, lẹ́yìn náà ni kí ẹ padà wá sídìí ọjà. Wọ́n sábà máa ń ti géètì ní ìṣẹ́jú 15 sí 20 ṣáájú kí bàálù tó gbéra, wọn kì í sì í dúró de ẹni tó ń dúnàá dúrà. Mo ti rí ọkùnrin kan tó ń sáré pẹ̀lú báàgì mẹ́ta lọ́rùn, tí bàtà ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti bọ́. N kò mọ̀ bóyá ó bá a.

Ẹ tẹ̀ lé àwọn òṣìṣẹ́

Ibí ni ọ̀rọ̀ wà. Ṣọ́ọ̀bù tó bá kọ "souvenir" síwájú, ẹ wò ó, ẹ kí wọn, ẹ kọjá. Owó iná àti owó ilẹ̀ ibẹ̀ ni ẹ máa bá wọn san, tí ẹ bá sì yí ìdí ọjà wọn sókè, Ṣáínà ni ẹ máa sábà bá níbẹ̀.

Àwọn èèyàn wa rò pé tí ṣọ́ọ̀bù bá ti ń jẹ́ duty-free, ọ̀pọ̀ ni. Ẹ jẹ́ ká wo ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Pápákọ̀ Shannon ní Ireland ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá irú rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1947, nígbà tí bàálù tó ń lọ Amẹ́ríkà ní láti balẹ̀ síbẹ̀ rọ epo. Owó orí ìjọba ni wọ́n yọ kúrò lórí ọjà. Ọtí, sìgá àti lọ́fínńdà ni owó orí wọn máa ń ga, àwọn lẹ sì ti lè rí àǹfààní rẹ̀. Owó orí wo ló wà lára ìdè kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n á yọ? Iye tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń tà á.

Ẹ wá òṣìṣẹ́ tó fi káàdì kọ́rùn, pàápàá àwọn tó ń gbálẹ̀ àti àwọn tó ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù. Àwọn náà ń jẹun, wọn kò sì lówó àjẹkù. Ibi tí wọ́n bá ti ń ra búrẹ́dì ni kí ẹ wọ̀. Ní Schiphol tó wà ní Netherlands, ilé ìtajà Albert Heijn wà ní gbọ̀ngàn Plaza. Ní Zurich ní Switzerland, Migros àti Coop wà níbẹ̀. Ní Munich ní Germany, Edeka ni. Ilé ìtajà tí ará ìlú ń lò lójoojúmọ́ ni gbogbo wọn, iye wọn sì sún mọ́ ti inú ìgboro.

Ṣùgbọ́n ẹ fi etí sílẹ̀ dáadáa: ìta ni irú ilé ìtajà yìí sábà máa ń wà, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń yẹ ìwé ìrìnnà wò. Ẹni tó bá ní físà ìlú náà tàbí tí ìrìn àjò rẹ̀ parí síbẹ̀ ló lè débẹ̀. Ẹni tó kàn ń kọjá lọ kò gbọdọ̀ gbìyànjú ẹ̀. Àwa ọmọ Nàìjíríà tilẹ̀ wà lára àwọn tó nílò físà láti jókòó lásán nínú pápákọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù tó wà ní Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè tó ń lo físà kan náà, àyàfi tí a bá ní irú ìwé kan bíi físà Amẹ́ríkà tó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Bí inú ni wọ́n há yín mọ́, ibi mẹ́ta ló kù. Ilé oògùn ni àkọ́kọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín: ọṣẹ, ìpara ètè, pílásítà tí wọ́n fi ń lẹ ojú egbò fún ọmọdé tó ní àwòrán lára. Ní Heathrow ní London, Boots ni ẹ máa wá. Èkejì ni ibi tí wọ́n ti ń ta ìwé ìròyìn. Ìwé ìròyìn ọjọ́ náà ní èdè tí ẹnikẹ́ni nílé kò gbọ́ kò wọ́n rárá. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó jẹ́ olùkọ́ lẹ ọ̀kan tí mo rà bọ̀ mọ́ ògiri kíláàsì rẹ̀, àwọn ọmọ sì ń sọ ọ́ di eré láti mọ èwo ni orúkọ ìlú, èwo ni orúkọ èèyàn. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀rọ tí wọ́n ń ki owó ẹyọ bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí owó ẹyọ. Àwa tí kọ́bọ̀ ti di ìtàn lọ́wọ́ wa kì í ka owó onírin sí. A máa ń jù ú sísàlẹ̀ báàgì bí ẹni ń ju ìdérí ìgò. Bẹ́ẹ̀ owó ẹyọ wà tó jẹ́ yúrò méjì, ti Gẹ̀ẹ́sì wà tó jẹ́ pọ́n-ùn méjì, ti Japan sì wà tó jẹ́ yẹ́ẹ̀nì 500. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ sí náírà, kí ojú yín là. Àwọn tó ń ṣe pàṣípààrọ̀ owó kì í sábà gbà á, nítorí náà ibẹ̀ ni kó parí sí. Ní pápákọ̀ Narita tó ń sin Tokyo, wọ́n to àwọn ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní gachapon sílẹ̀ fún ẹni tí owó ẹyọ ṣẹ́ kù sí lọ́wọ́. Ẹ máa ki owó bọ̀ ọ́, ẹ máa yí ọwọ́ rẹ̀, bọ́ọ̀lù oníke kan á já bọ́, nǹkan iṣeré kékeré á wà nínú rẹ̀. Ẹ kò lè mọ èyí tó máa bọ́, ibẹ̀ gan-an ni adùn rẹ̀ wà.

Kí ẹ tó sanwó

Ẹ bi ara yín bóyá ẹni tí wọ́n bí sí ìlú náà ń lò ó nílé ara rẹ̀. Bí kò bá lò ó, ẹ fi sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ronú kan ẹni tí ẹ fẹ́ fún: níbo ló máa gbé e sí? Ọ̀rọ̀ fíríìjì Màmá nìyẹn.

Mo ti kọjá Addis Ababa ní Ethiopia, kọfí ni ibẹ̀. Ẹ ra èyí tí wọ́n ti yan, àpò kékeré. Ife kékeré tí kò ní ọwọ́ tí wọ́n fi ń mu ún dára ju kọfí náà lọ fún ẹni tí kì í mu kọfí. Tùràrí oníoje tí wọ́n máa ń sun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà kò wúwo. Ìyá ìjọ kan ní Adó gba tùràrí náà lọ́wọ́ mi, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní ti ìjọ àwọn kò tó o.

Istanbul ní ojú dígí aláwọ̀ búlúù, èyí tí àwọn ará Turkey ń gbé kọ́ sílé nítorí ojú burúkú. Kò sí ohun tó pọ̀ tó o, kò sì wọ́n bí ẹ bá mú ẹyọ kékeré. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ẹni tí ẹ ń fún o. Mo fún àbúrò bàbá mi kan ní ọ̀kan, wọ́n wò ó, ó wò wọ́n, wọ́n fi ìwé ìròyìn wé e, wọ́n dá a padà fún mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Ní ti àwọn tí kò fẹ́ ohun tó jọ oògùn, àdídùn tí wọ́n ń pè ní lokum wà, a sì lè gé e wẹ́wẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn.

Kigali ní agbọ̀n agaseke tó ní ọmọrí ṣóńṣó; wọ́n ń hun èyí tí kò ju ìkúùkù lọ. Àwọn pátákó imigongo náà wà níbẹ̀, aláwọ̀ dúdú, funfun àti pupa. Ẹ mọ ohun tí wọ́n fi ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀? Ìgbẹ́ màlúù. Ó ti gbẹ, kò rùn, àmọ́ ẹ má tètè sọ fún ẹni tí ẹ fẹ́ fún kí ó tó gbé e kọ́.

Accra ní ṣokoléètì Golden Tree, tí wọ́n ṣe ní Tema láti ara kòkó ilẹ̀ Ghana fúnra rẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ kòkó ni mí. Bàbá mi tó fi kòkó rán wa níwèé lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú oko kí wọ́n tó tọ́ ṣokoléètì wò, èyí tí mo rà ní Accra ni. Wọ́n ní, "Ohun tí mo ń sá sóòrùn láti ọjọ́ yìí nìyí?"

Ní Schiphol, ẹ ra stroopwafel fún àwọn èèyàn rere, bísíkíìtì pẹlẹbẹ méjì tí oje dídùn wà láàárín wọn. Fún ẹni tí ẹ fẹ́ bá ṣàwàdà, ẹ ra drop, àdídùn dúdú tí wọ́n ń fi iyọ̀ sí. Ọmọ mi tu ú sọ́wọ́ mi. Èyí tó kù ni a fi ń dán àlejò wò.

Ohun tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ yín

Mo ti gbé oyin jáde nínú báàgì ọwọ́ rí, oyin ìgbẹ́ Èkìtì, ìgò gbáko kan, fún ẹni tó fẹ́ gbà mí lálejò. Mo ní oyin kì í ṣe omi. Obìnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ gbé ìgò náà sókè, ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, ó pọ́n roro. Ó wò mí bí ẹni tó ń káàánú mi, ó sì jù ú sínú garawa. Mo gbọ́ ìró rẹ̀.

Ohunkóhun tó bá ń ṣàn, tó ń fà, tàbí tó ṣeé fi pa búrẹ́dì, omi ni lójú wọn: oyin, epo pupa, àdí àgbọn, bọ́tà ẹ̀pà. Ọṣẹ dúdú tó bá rọ̀ náà lè kó sínú rẹ̀. Àní bọ́ọ̀lù dígí tí wọ́n fi omi àti ohun tó jọ yìnyín sínú, omi ni. Kò gbọdọ̀ ju mílílítà 100 lọ ní báàgì ọwọ́. Àwọn pápákọ̀ kan ti ra ẹ̀rọ tuntun, wọ́n sì ń gba ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ èyí tí ẹ máa tún gbà kọjá lè má tíì rà á. Tí ẹ bá ra nǹkan ṣíṣàn ní duty-free, wọ́n á dì í sínú ọ̀rá pàtàkì kan pẹ̀lú rìsíìtì. Ẹ má ya á títí ẹ ó fi délé, bó ti wù kí ó máa wù yín tó.

Ẹran àti wàrà kò wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Yúróòpù láti ọ̀dọ̀ wa, nítorí náà kílíṣí yín, ilé ni kó gbé. Ẹ má ra ohun tí wọ́n fi eyín erin ṣe, tàbí awọ ẹranko tó ń parun, ní ibikíbi, kódà bí ẹni tó ń tà á bá búra pé kò sí wàhálà.

Bó bá jẹ́ àlejò ló ń kúrò lọ́dọ̀ wa

Láti Adó sí pápákọ̀ Àkúrẹ́ kò jìnnà: Ìkẹ́rẹ́, Ìjù, Ìtaògbólú, ẹ ti débẹ̀. Ṣùgbọ́n pápákọ̀ kékeré kì í ní ṣọ́ọ̀bù púpọ̀ nínú, ẹ má fi ọjà yín dúró de ibẹ̀. Ọjà Ọba ní Adó ni kí ẹ ti yà. Ìjábẹ̀, pákò tí wọ́n dì ní ìdì, kànìnkànìn, òòyà onígi, abẹ̀bẹ̀: gbogbo rẹ̀ kò tó owó mágínẹ́ẹ̀tì kan. Mo fún òyìnbó kan ní ìjábẹ̀, mo ṣàlàyé bí a ṣe ń fi í lu ewédú. Ó gbé e kọ́ sí pálọ̀ bí ẹni gbé òdòdó kọ́.

Tí àyè bá wà, ẹ gba Ògòtún lọ nítorí ẹní àti báàgì tí wọ́n ń hun níbẹ̀, wọ́n fúyẹ́, ẹní sì ṣeé ká. Ìsàn ló ni ìkòkò amọ̀. Ẹ mú ìṣaasùn kékeré, ẹ ki ìbọ̀sẹ̀ sínú rẹ̀, ẹ fi aṣọ wé ìta rẹ̀, inú báàgì ọwọ́ ni kó wà. Ẹni tó bá ń lọ sí Ọsirélíà kí ó sọ fún wọn lẹ́nu ibodè pé òun ní ohun tí a fi igi tàbí koríko ṣe, wọn kì í fi ìyẹn ṣeré.

Ère gbígbẹ́ lọ́rọ̀ tirẹ̀. Láti 1979 ni òfin ti wà pé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kò gbọdọ̀ jáde láìsí ìwé àṣẹ NCMM, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, wọ́n sì máa ń bi èèyàn léèrè nípa ère ní pápákọ̀ Èkó. Tí ère náà bá tóbi tàbí tó jọ ti àtijọ́, ẹ gba ìwé wọn ṣáájú ọjọ́ ìrìn àjò, ẹ sì tọ́jú rìsíìtì. Àwa ará Èkìtì mọ ìdí rẹ̀. Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, ọ̀gá àwọn agbẹ́gilére tó kú lọ́dún 1938, ló gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́, ó gbẹ́ Ògògà sórí ìtẹ́ àti òyìnbó tí wọ́n ń gbé rù bọ̀ wá kí i. Lọ́dún 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ síbi ìpàtẹ ńlá ní Wembley nílùú London. British Museum, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà níbẹ̀, fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n fún Ògògà ní àga ọba tí wọ́n ṣe nílùú Gẹ̀ẹ́sì dípò rẹ̀, ilẹ̀kùn náà sì wà lọ́dọ̀ wọn títí di òní.

Nígbà tí ẹ bá délé

Ẹ má tú báàgì lójú gbogbo èèyàn. Ẹ wọlé, ẹ mu omi, ẹ jẹ iyán, kí ẹ tó pe ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ sọ ibi tí ẹ ti rà á àti ohun tí wọ́n ń fi í ṣe níbẹ̀, nítorí láìsí ìtàn rẹ̀, agolo ni agolo. Kí ẹ sì ti bó ìwé iye owó kúrò lára gbogbo rẹ̀ láti inú bàálù. Mo ní ìbátan kan ní Òkè-Ìyìnmi tó máa ń ṣí ẹ̀rọ ìṣirò fóònù rẹ̀ kí ó tó dúpẹ́.